João Baptista da Costa àti Sanusi Aka: Àwọn Akọ́lé Èkó àti Ilé tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí kò sì rí àyè nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ìgboro ni yóò gbà lọ láti wá yàrá tí yóò háyà, yálà ní Ìbá, ní Òkòkómáíkò, tàbí ní ìlú Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀. Irú ilé kan wà tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó wà ní àárín gbùngbùn iwájú rẹ̀. Bí ènìyàn bá wọlé, pásééjì gígùn kan ni yóò kọ́kọ́ pàdé, èyí tí ó la ilé já láti iwájú títí dé ẹ̀hìnkùlé. Yàrá wà ní ọ̀tún, yàrá wà ní òsì, ilẹ̀kùn wọn sì kọjú sí ara wọn. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ wà lẹ́hìn, àjùmọ̀lò sì ni gbogbo wọn. Fési-mi-ái-fési-yú ni àwọn ará Èkó ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín sì ni wọ́n máa ń fi í rín. Ṣùgbọ́n pásééjì yìí ní ìtàn, ọ̀nà tí ó sì gbà dé ilẹ̀ Àwórì kò kúrú rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé orísun ní láti padà lọ sí erékùṣù Èkó ní ìparí ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, kí ó sì béèrè àwọn tí ń kọ́lé ní ayé ìgbà náà.

Àwọn tí ó ni ilé kò ṣòro láti mọ̀. Water House wà ní Òpópó Kákáwá, níbi tí a ti ń ta omi kànga fún ará ìlú nígbà kan rí. Ìdílé da Rocha ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Doherty Villa wà ní Campos. Mọ́ṣáláṣí Òpópó Martins ń jẹ́ Shitta-Bey títí di òní. Owó ni ó ń sọ ilé lórúkọ. Ọwọ́ tí ó to bíríkì, tí ó tẹ orí fèrèsé bí ọrun, tí ó sì fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sí ara ògiri, òun kì í sí nínú orúkọ. A. B. Laotan ni ó gba díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́ ìgbàgbé, nígbà tí ó tẹ ìwé kékeré kan jáde ní ọdún 1943 nípa àwọn Àgùdà Èkó àtijọ́, tí ó sì sọ ọ́ ní The Torch Bearers. Nínú àwọn orúkọ tí ó ti di mímọ̀ báyìí, a rí Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre. A rí Marcos Augusto José Cardoso àti Balthazar dos Reis, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀gá kápẹ́ńtà. A sì rí àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn ga jù lọ lójú ìtàn, èyíinì ni João Baptista da Costa àti ọmọ ìbílẹ̀ tí ó bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, Sanusi Aka.

Kí a tó sọ ohun tí àwọn méjèèjì ṣe, ó yẹ kí a rántí irú ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí a kó lẹ́rú dìde ọ̀tẹ̀ ní ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí sí rere fún wọn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí fúngun mọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti ra ara wọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹrú tí ó ti di òmìnira ti ń padà wá sí etíkun ilẹ̀ wa ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà tí a fi òpin sí òwò ẹrú àti oko ẹrú pátápátá ní Bràsíìlì ní ọdún 1888. Àgùdà ni a pè wọ́n ní Èkó. Ní àárín ọdún 1880 sí 1890, wọ́n ti ju 2,000 lọ ní ìlú náà, àdúgbò wọn sì ń jẹ́ Pópó Àgùdà. Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn àti àwọn Sàró. Ìwé ni àwọn Sàró gbé dé láti Sierra Leone, wọ́n sì di akọ̀wé, àlùfáà, lọ́yà àti oníṣòwò ńlá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ti Àgùdà: ìkọ́lé, iṣẹ́ kápẹ́ńtà, aṣọ rírán, búrẹ́dì ṣíṣe. Nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí lówó, tí ọlọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ilé tí yóò fi ipò rẹ̀ hàn, Àgùdà nìkan ni ó ti ní ọ̀gá akọ́lé tí yóò kọ́ ọ nílẹ̀.

Ilé ìsìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà hàn gbogbo ayé. Láti ọdún 1878 sí 1881, Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre kọ́ ilé ìsìn Holy Cross fún ìjọ Àgùdà. Ilé náà kò sí mọ́. Èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí ni a kọ́ ní àárín ọdún 1930 sí 1939. Ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ó yé ará ìlú pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn dúdú lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ dúró láìsí òyìnbó tí ń pàṣẹ lórí wọn.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́hìn náà ni ti da Costa. Mohammed Shitta, oníṣòwò pàtàkì, ni ó ran an níṣẹ́. Sierra Leone ni a bí Shitta sí, láti inú ẹ̀yà Yorùbá. Àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Àgbádárìgì ní ọdún 1844, lẹ́hìn náà ni òun sì wá sí Èkó. Òwò rẹ̀ dé Odò Ọya, ó sì là gan-an. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí fún Ọlọ́run, kò ránṣẹ́ sí Íjíbítì tàbí Túrkì fún ẹni tí yóò kọ́ ọ. Pópó Àgùdà ni ó lọ. Ó pe ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi, nítorí ìyẹn ni João Baptista túmọ̀ sí, pé kí ó wá kọ́ ilé ìrun. Kò sí ìtàn pé ẹnikẹ́ni rí ohun ìyàlẹ́nu nínú èyí. Ní Èkó ìgbà náà, Àgùdà pẹ̀lú Àgùdà kì í ṣe ẹ̀sìn kan náà. Mùsùlùmí wà láàárín wọn tí ó ń jẹ́ orúkọ Potogí, ẹbí kan náà sì lè ní oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ ni Shitta ń wá, ó sì mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni a ṣí mọ́ṣáláṣí náà. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. Sultan ilẹ̀ Túrkì, Abdul Hamid Kejì, rán Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool tí ó ti di Mùsùlùmí, pé kí ó ṣojú òun; ní ọjọ́ náà ni a sì fi Shitta joyè Bey, tí orúkọ rẹ̀ fi di Shitta-Bey. Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ kí ó wo àpéjọ yìí: Gómìnà ọba Gẹ̀ẹ́sì, aṣojú olórí àwọn Mùsùlùmí ayé, àwọn lóókọ-lóókọ Èkó, gbogbo wọn pé jọ láti wo iṣẹ́ ọwọ́ bíríkìlà. Ohun tí wọ́n wò ni iwájú ilé tí a ṣe lọ́nà ti Bàhíà, pẹ̀lú ọnà oníkọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ àti òdòdó sìmẹ́ńtì, irú èyí tí ẹni tí ó dàgbà sí àyíká ṣọ́ọ̀ṣì Potogí yóò dá mọ̀ lójú kan. Oyè Bey kan Shitta lára, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí a gbé fún ènìyàn ní ọjọ́ náà, kò sí èyí tí ó já sí ọwọ́ da Costa tàbí Sanusi Aka tí àwọn arọ́tàn fi ka á kún ohun tí ó yẹ ní sísọ.

Sanusi Aka ni ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dá lé jù. Orúkọ rẹ̀ kì í sábà wá síwájú. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ da Costa ni a máa ń pè é, bí ẹni pé ó kàn ń bá a gbé bíríkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fẹ́ kọ́ Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò tuntun, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1908 tí a sì parí ní ọdún 1913, àwọn méjèèjì ni ìtàn tún dárúkọ pọ̀. Ó tó ogún ọdún sí ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ti Shitta-Bey. Ẹni tí ó bá bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún, tí a sì fi mọ́ṣáláṣí tí ó tóbi jù lọ ní ìlú lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá ni òun náà. Ibi yìí ni orúkọ tí a ń fi pe àwọn ilé wọ̀nyí ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ilé Bràsíìlì, ni wọ́n ń wí. Èrò ẹni tí ó bá gbọ́ á sì lọ sí òkè òkun. Ó dára bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà tí ó gbé ọgbọ́n náà dé, ọmọ ilẹ̀ yìí ni púpọ̀ nínú wọn kí a tó tà wọ́n. João Esan da Rocha tí ó ni Water House, Ìjẹ̀ṣà ni. Àwọn tí ó sì kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ wọn kò rí Bàhíà rí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1913, iṣẹ́ náà ti di ti Èkó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ojú mọ́ṣáláṣí tí irú àwọn akọ́lé bẹ́ẹ̀ kọ́ ti ń rí, kí ó lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, iṣẹ́ àwọn Àgùdà àti àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ìlú náà. Àlejò tí a kò bá sọ fún, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò pè é, nítorí ilé-ìṣọ́ méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ àti ọnà aláràbarà tí ó bò ó.

Ní sáà kan náà, ọ̀nà mìíràn ti ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé ní Èkó. Herbert Macaulay dé láti Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1893, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ìwọn-ilẹ̀ àti ẹ̀rọ níbẹ̀. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1898, ó dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀; nínú àwọn tí ó yàwòrán ilé tàbí díwọ̀n ilé fún ni E. J. Alex Taylor àti Henry Carr wà. Ìwé ni Macaulay fi ń ṣiṣẹ́, ìwé sì máa ń pa orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi rọrùn láti pe Macaulay ní ayàwòrán-ilé, tí da Costa àti Aka fi jẹ́ bíríkìlà lásán lójú wọn. Ìpín náà kò tọ́. Ẹni tí ó bá lè mọ bí ògiri yóò ti nípọn tó kí ó tó lè gbé òkè ró, tí ó mọ bí fèrèsé yóò ti jìnnà sí fèrèsé kí iwájú ilé má baà wọ́, tí ó sì mọ bí afẹ́fẹ́ yóò ti gba inú ilé kọjá ní ìlú tí ó gbóná bí Èkó, ayàwòrán-ilé ni, ìbáà jẹ́ orí ilẹ̀ ni ó fi ìka ya á sí.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ni ó mú wa dé orí pásééjì. Agbo-ilé Yorùbá àtijọ́ yí àgbàlá kan ká. Àwọn yàrá rẹ̀ kéré, wọ́n ṣókùnkùn, ibi orun àti ibi ìkẹ́rùsí ni wọ́n. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí àgbàlá ni ayé ti ń lọ. Níbẹ̀ ni a ti ń jẹun, tí a ti ń gba àlejò, tí àwọn ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́. Ilẹ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, erékùṣù Èkó kò sì ní ilẹ̀. Ilé àwọn Àgùdà sún mọ́ títì, ojú rẹ̀ sì kọ sí ìta: pálọ̀ níwájú, pásééjì ní àárín, yàrá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àgbàlá kékeré lẹ́hìn. Bí ó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bákan náà ni òkè rẹ̀ yóò rí. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀hìn, atẹ́gùn yóò gba àárín kọjá. Ó jọ pé ohun tí ó mú kí Yorùbá gba ilé yìí kíákíá ni pé kò ṣàjèjì sí wọn tó bí ojú rẹ̀ ti fi hàn. Ẹni tí ó bá gba àgbàlá, tí ó fún un pọ̀, tí ó sì fi òrùlé bò ó, pásééjì ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Àwọn yàrá ṣì yí ibi kan ṣoṣo ká, gbogbo ará ilé sì ní láti gba ibẹ̀ kọjá lójú ara wọn. John Michael Vlach, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1984 nípa ilé yìí, ó sì kà á sí irú ilé ìbílẹ̀ tuntun tí ọ̀rúndún 20 mú wá sáàárín Yorùbá.

Rélùwéè ni ó gbé e wọ òkè. Ọkọ̀ náà dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó ń kó kòkó sọ̀kalẹ̀, ó sì ń kó páànù àti sìmẹ́ńtì gòkè. Láti òkè òkun ni gbogbo sìmẹ́ńtì ti ń wá nígbà náà. Ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Ewékoro tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀ àgbẹ̀ tí ó bá rí owó kòkó kì í sinmi títí yóò fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní àwọn ìlú òkè, iṣẹ́ náà bí ọmọ tí Bàhíà kò mọ̀: amọ̀ ni ògiri, sìmẹ́ńtì ni a fi rẹ́ ẹ, kìnnìún sìmẹ́ńtì sì jókòó ní orí òpó, ojú rẹ̀ kọ sí títì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé da Costa ni ó kọ́ àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà náà ti ṣẹ̀ kò farasin.

Èkó fúnra rẹ̀ kò pa ogún yìí mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní ìlú ní ọdún 1924. Ní ọdún 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, ìgbìmọ̀ yìí náà sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wó àárín erékùṣù náà láti ọdún 1955 lọ, tí a sì kó púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò tí da Costa àti Aka kọ́ ti wó. Tuntun tí ó wà ní ipò rẹ̀ ni a ṣí ní ọdún 1988. Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọdún 1855, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ìkéde náà kò gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni a wó o palẹ̀. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù ni pé iwájú ilé nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sunkún lé lórí, ọnà àti òdòdó rẹ̀; bí ẹni pé ohun tí àwọn akọ́lé náà mọ̀ kò ju ẹ̀ṣọ́ lọ.

Ohun tí wọ́n mọ̀ jù ẹ̀ṣọ́ lọ wà ní Ìbá. Bí erékùṣù ti ń kún, tí a sì ń wó o, àwọn ènìyàn ń ṣí lọ sí orí ilẹ̀, ìlú sì ń tẹ̀lé títì Àgbádárìgì lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní sáà ìjọba Lateef Jakande, láàárín ọdún 1979 sí 1983, a kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbá. Ní ọdún 1983 náà ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Ayálégbé pọ̀ ju ilé lọ. Onílé tí ó ní púlọ́ọ̀tì kan ní Òkòkómáíkò, tí ó sì fẹ́ rí owó rẹ̀ padà, kò nílò ayàwòrán kankan. Bíríkìlà tí ó pè ti ní ilé náà lórí: pásééjì ní àárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Pálọ̀ iwájú ti di yàrá, nítorí yàrá ni ó ń mú owó wá. Òpó àti òdòdó ti lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò sanwó wọn. Ilé tí a ṣe fún ìdílé kan ti di ilé ìdílé mẹ́wàá, ìdọ̀tí àti ìjà omi sì ti bá a wọlé. Ẹ̀bi èyí kò sí lọ́rùn àwọn tí ó kọ́kọ́ ya pásééjì. Ṣùgbọ́n egungun ilé náà kò yí padà.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì dúró ní Òpópó Martins, a sì kà á kún ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 2013. Wọ́n ń kírun níbẹ̀ ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́. Ní Ìbá àti Òkòkómáíkò, àwọn onílé ti ń wó fési-mi-ái-fési-yú báyìí, wọ́n ń di pásééjì pa, wọ́n sì ń sọ yàrá kọ̀ọ̀kan di ilé kékeré tí ó ní balùwẹ̀ àti ìdáná tirẹ̀. Bíríkìlà ni ó ń ṣe ìyẹn náà. Orúkọ onílé ni a sì ń kọ sí ara géètì.